Onífọ́tò Tó Mọ Ọwọ́ Nìkan

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ rí. Ó kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan láàárọ̀ kùtù, ó fi kámẹ́rà mọ́jú, ó ń ya àgádágodo tó ti dógùn-ún, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Àfi bí ọwọ́ obìnrin kan ṣe wọ inú àwòrán náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́, èékánná rẹ̀ kò gùn, àpá iná roboto kan sì wà lórí àtàǹpàkò. Ó tẹ kámẹ́rà kó tó mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin ẹni yìí, ẹ dìde níbẹ̀!" ni ẹni tó ni ọwọ́ náà sọ. "Kí lẹ ń wá lẹ́nu ilẹ̀kùn wa? Ṣé ẹ fẹ́ jalè ni, àbí ẹ fẹ́ fẹnu ko àgádágodo lẹ́nu?"

"Ẹ má bínú, ma. Fọ́tò ni mò ń yà."

"Fọ́tò ta ni?"

"Ti àgádágodo yìí."

Obìnrin náà wo àgádágodo, ó wo ọkùnrin tó kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ ti sọ fún un kó rẹ́rìn-ín?"

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Òjò kò rọ̀, ẹnikẹ́ni kò fẹsẹ̀ kọ, ìwé kò já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Àgádágodo ló so wọ́n pọ̀, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ bi àgádágodo léèrè.

Òdìkejì títì náà ni ilé fọ́tò ọkùnrin yìí wà. Ọ̀gá Súnmọ́ọn ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, torí pé kò sí ohun tó fẹ́ yà tí kò ní súnmọ́ títí imú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ní yàrá iwájú, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń yà fún àwọn tó ń wáṣẹ́ àti àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti tán." Ojú ogójì lè kọjá níwájú rẹ̀ lójúmọ́ kan, tílẹ̀ bá fi máa ṣú, kò ní rántí ẹyọ kan. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ nìyẹn. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn wà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ń sùn: ihò abẹ́rẹ́ tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, ìyẹ́ kòkòrò, etí ife tó sán, ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́rùn ẹ̀wù. Àwọn àwòrán wọ̀nyí bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí èèyàn kankan nínú wọn.

Kò kúkú sí èèyàn kankan nínú yàrá náà pẹ̀lú, ká má purọ́. Ife kan, àwo kan, àga kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Tó bá ń jẹun, rédíò ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn òun náà a dá rédíò lóhùn, lẹ́yìn náà ojú á tì í.

Atúnaagoṣe ni obìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Oníaago tí gbogbo èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ojú bàbá ti fọ́ pátápátá. Orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń fetí sí aago. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ọmọbìnrin rẹ̀ yìí. Ìṣẹ́jú-Kan ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí bí o bá ti wọlé, ohun tí wàá gbọ́ nìyẹn: "Ìṣẹ́jú kan." Kò ní gbójú sókè. Awò dúdú kékeré tí àwọn oníṣẹ́ aago ń lò á ti há sí ojú rẹ̀ ọ̀tún, ìborí á ti bò ó dé iwájú, iná tábìlì á tàn sórí ọwọ́ rẹ̀ nìkan, gbogbo ìyókù ara rẹ̀ á ṣókùnkùn. Àwọn èèyàn a nawọ́, wọ́n a gba aago wọn, wọ́n a wo aago náà, wọ́n a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ó máa ń ṣe é bíi pé tí òun bá kú sórí àga yẹn, ó dìgbà tí aago ẹnì kan bá dúró kí wọ́n tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá Súnmọ́ọn gbé aago ọwọ́ rẹ̀ wá. Ìṣẹ́jú-Kan tú u, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó dé e padà.

"Aago yìí ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò."

"Mo ti wò ó. Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ."

"Ó máa ń... ó máa ń falẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ọmọ mi, gba aago yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ àìsàn tó ń ṣe é. Ó ti ṣe èmi náà rí."

Láti ọjọ́ náà ló ti di ará ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ya inú aago, wọ́n gbà. Láti inú aago ló ti bọ́ sórí ìka tó ń tún un ṣe. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti tó, tí oníbàárà pásípọ́ọ̀tù bá ti dá, á sọdá títì pẹ̀lú kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì kúkúrú kan tó ń sọ kékeré di ńlá. Á dojú kámẹ́rà kọ ibi tí iná tábìlì tàn sí. Á wá dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ èémí, torí bí èèyàn bá mí lásán, àwòrán á gbọ̀n. Iṣẹ́ ti Ìṣẹ́jú-Kan náà kò fẹ́ èémí, torí kẹ̀kẹ́ onéyín tó wà lẹ́nu ẹ̀mú rẹ̀ kò ju ọkà bàbà lọ, atẹ́gùn imú lè gbé e lọ. Àwọn méjèèjì á sé èémí pọ̀.

"Ṣé ẹ ti kú ni?" ni bàbá á pariwo. "Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mí níbí o!"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ́ á fò lọ, gbogbo wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá a nílẹ̀.

"Ẹ yé pè mí ní ma," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan tí wọ́n wà lórí eékún. "Mi ò tíì darúgbó."

"Kí n wá máa pè ọ́ ní kí ni?"

"Èyí tó bá wù ọ́, ọkọ àgádágodo."

"Ìṣẹ́jú mi," ló sọ, ojú sì tì í débi pé abẹ́ tábìlì ló ń wò.

Ìṣẹ́jú-Kan bi í lọ́jọ́ mìíràn pé kí ló dé tó jẹ́ pé nǹkan tín-ín-tìn-tín nìkan ló máa ń yà.

"Tí mo bá jìnnà sí nǹkan, ó máa ń pọ̀ jù fún mi. Mi ò mọ ibi tí màá wò. Mò ń wo ojú èèyàn, mò ń wo aṣọ, mò ń wo ilé tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ọkàn mi á pòrúurùu. Ṣùgbọ́n tí mo bá súnmọ́ ọn, ó ku ẹyọ nǹkan kan. Mo lè fẹ́ràn ẹyọ nǹkan kan."

"Èyí tó kù ńkọ́?"

"Èyí wo ló kù?"

Ìṣẹ́jú-Kan fi awò rẹ̀ há ojú padà.

Oṣù mẹ́ta kọjá báyìí. Obìnrin náà ti ń fetí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí títì. Ọkùnrin náà ti ra ife kejì, ó gbé e sórí tábìlì, kò tíì ní ìgboyà láti pe ẹnikẹ́ni wá mu nǹkan níbẹ̀. Ìfẹ́ ni, kí ni mo tún fẹ́ máa pè é? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ jáde nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n Ìṣẹ́jú-Kan ọkùnrin pè láti ìlú tó ń gbé, ìrìn ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, òun á wá kó bàbá àti àbúrò òun níparí oṣù, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìṣẹ́jú-Kan sọ fún onífọ́tò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ṣé ó wù ọ́ láti lọ?" ni ọkùnrin náà béèrè.

Ó gbé ẹ̀mú rẹ̀ sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà níbí tó mọ̀ mí, mi ò ní lọ. Tí kò bá sí, ibi gbogbo dọ́gba fún mi."

Ẹ ò rí nǹkan! Kò sí ilẹ̀kùn tó tún lè ṣí sílẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò wọlé. Àwọn tó ń bójú tó ilé ìkàwé ńlá ti gbà láti pàtẹ àwòrán rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn wọn lọ́sẹ̀ náà, ó sì ti dá a rò pé ibẹ̀ ni òun á ti sọ ọ́, níwájú gbogbo àwòrán tó yà.

"Wá síbi ìpàtẹ yẹn lọ́jọ́ Sátidé," ló ní. "Ibẹ̀ ni màá ti dá ọ lóhùn. Jọ̀ọ́, wá."

Ìṣẹ́jú-Kan ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó lọ ṣe irun. Ó wọ aṣọ pupa kan tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí fún ọdún méje, ó fi yẹtí sétí. Kò sí awò, kò sí ìborí. Nígbà tó fẹ́ jáde, bàbá di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé ó bá ọ mu?"

"Mi ò mọ̀, bàbá."

Ọwọ́ rẹ̀ ló kún gbọ̀ngàn náà. Àwòrán mẹ́rìnlá, èyí tó kéré jù nínú wọn ga tó ilẹ̀kùn: ìka tó di kẹ̀kẹ́ onéyín mú, òógùn wínníwínní lórí ọrùn ọwọ́, ìlà àtẹ́lẹwọ́, àpá iná náà tó tóbi bí òṣùpá. Ọ̀gá Súnmọ́ọn fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù, ó ń pín ìwé fún àwọn tó ń wọlé.

Ìṣẹ́jú-Kan gun àtẹ̀gùn. Ó dúró síwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé ọkùnrin náà ló máa kọ́kọ́ pe òun.

Onífọ́tò wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín sí i bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Ó na ìwé sí i.

"Ẹ káàbọ̀, ma. Ẹ má dúró lókèèrè o, ẹ súnmọ́ ọn dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo ọwọ́ tó wà níbẹ̀ yẹn. Ó máa tó dé, òun ni mò ń retí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ló sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jókòó ti obìnrin yìí, kò sì dá a mọ̀ lójúmọmọ.

Ìṣẹ́jú-Kan gba ìwé náà. Ó rìn yíká gbọ̀ngàn láti àwòrán kìíní dé ìkẹrìnlá, ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí àlejò. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí sọ fún un pé, "Ẹni yìí á ti rẹwà o," ó sì dáhùn pé, "Ó ṣeé ṣe." Nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin náà ṣì ń na ọrùn wo títì, tó ń wá a kiri. Ìṣẹ́jú-Kan fi ìwé náà sí i lọ́wọ́, ó bọ́ sórí àtẹ̀gùn.

Onífọ́tò wo ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó wo ìka tó ń fi í sílẹ̀. Ó rí àtàǹpàkò. Ó rí àpá. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, aṣọ pupa ti ń wọ inú bọ́ọ̀sì. Ó sáré, ó pariwo, "Ìṣẹ́jú mi! Ìṣẹ́jú mi!" Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dúró de òun fún ìṣẹ́jú kan ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti ń kó ẹrù," ni Ìṣẹ́jú-Kan sọ. "A ò gba aago mọ́."

"Ẹ" yẹn àti "sà" yẹn dùn ún ju ìgbájú lọ. "Dárí jì mí. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ojú ló fọ́ mi lánàá."

"Ojú ò fọ́ ọ. Bàbá mi lojú fọ́. Ìwọ, o ò wò mí ni! Mo wọṣọ nítorí ẹ. Mo ṣe irun nítorí ẹ. Mo sọ fún ọ pé tí ẹnì kan bá wà tó mọ̀ mí, màá dúró. Ó ti hàn sí mi báyìí pé kò sí."

Ó ti ilẹ̀kùn. Kò tì í pẹ̀lú ariwo, bẹ́ẹ̀ ni ì bá sàn bó bá gbá a.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin náà jókòó lórí àga rẹ̀ kan ṣoṣo, ó gbìyànjú láti fojú inú rí i. Ó rí ìka, ó rí ọrùn ọwọ́. Ó rí etí kan. Kò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó fẹ́ràn láyé wà lórí obìnrin yẹn, kò sì mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ó sunkún bí ọmọdé, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ó ń padà lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kò mú kámẹ́rà dání mọ́, kò sì kànlẹ̀kùn. Ó kàn ń dúró ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ̀gbọ́n dé, bàbá kígbe láti inú ilé.

"Ta ni yẹn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa bí aṣọ tí wọ́n sá? Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Wọlé, jàre!"

Ó wọlé. Wọ́n ti di gbogbo nǹkan sínú àpótí. Wọ́n ti kó iná tábìlì, wọ́n sì ṣí fèrèsé tí wọn kì í ṣí. Ìṣẹ́jú-Kan dúró láàárín ilé, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ó sọ ohun tó o ṣe fún mi," ni bàbá ní. "Mo rẹ́rìn-ín, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìwọ, ẹni tí ń fi ojú jẹun. Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti rí ọmọ mi. Sọ bó ṣe rí báyìí fún mi."

"Àpá kan wà lórí àtàǹpàkò ẹ̀, sà..."

"Níṣojú mi ló ṣe jóná. Ṣé ọwọ́ ni mo béèrè? Sún sẹ́yìn."

Kò sí ẹni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó sún ẹsẹ̀ kan.

"Sún sí i!"

Ó sún títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó wá gbójú sókè, ó wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì gbójú kúrò.

"Ó ga, sà. Mi ò mọ̀ pé ó ga tó báyìí, torí ó máa ń tẹ̀ ba sórí tábìlì. Èjìká ẹ̀ òsì ga díẹ̀ ju tọ̀tún lọ, iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ gùn, ó dúdú, ó ń dán. Ẹyinjú ọ̀tún kéré díẹ̀ ju tòsì lọ, awò yẹn ló fà á. Ó máa ń fi eyín há ètè ìsàlẹ̀ tí inú bá ń bí i."

"Ṣé ó ń ṣe é báyìí?"

"Ó ń ṣe é báyìí, sà."

"Láti kékeré ni. Máa bá a lọ."

"Irun funfun díẹ̀ ti wà lẹ́bàá etí ẹ̀."

Bàbá na ọwọ́ síwájú sínú òfìfo. "Irun funfun? Irun funfun ti dé orí ọmọ mi?"

"Ta ló ní kó o sọ ìyẹn?" ni Ìṣẹ́jú-Kan pariwo, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ó rẹwà, bàbá," ni ọkùnrin náà ń sọ lọ. "Ṣùgbọ́n ó jọ ẹni tó ti dá wà pẹ́, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pa mọ́. Mo dá a mọ̀, torí bí èmi náà ṣe wà nìyẹn. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti wò ó tán, kó má lọ jẹ́ pé ó pọ̀ ju ẹni tó tọ́ sí mi lọ."

Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Èmi nìkan ni màá bá ẹ̀gbọ́n ẹ lọ lọ́la," ló sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Ta ló máa tọ́jú yín, bàbá?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ níyàwó, ó bímọ mẹ́rin, wọn ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Ọdún mẹ́rin lo fi jókòó tì mí, tí mi ò rí ọ. Jẹ́ kí ẹni tó ń rí ọ jókòó tì ọ́."

Ìṣẹ́jú-Kan kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan bàbá rẹ̀, ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá ń fi ọwọ́ wá irun funfun náà, bíi pé ìka lè mọ àwọ̀. Nígbà tí Ìṣẹ́jú-Kan dìde, ó kọjú sí ẹni tó dúró ti ògiri.

"O ò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

"Dúró. Jẹ́ ká fẹ́ ara wa."

"Tó bá tún ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Tó o bá tún pàdé mi níta, tó o ní 'ẹ káàbọ̀, ma'?"

"Màá máa wò ọ́ lójoojúmọ́ títí kò fi ní lè ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Pẹ̀lú irun funfun?"

"Mo fẹ́ wà níbẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ á fi funfun."

Ìṣẹ́jú-Kan tú okùn àpótí àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ padà sórí tábìlì, níkọ̀ọ̀kan. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò tíì kúrò lára ògiri.

"Kí lò ń wò?"

"Ìwọ."

"Ó dáa," ló ní. "Máa wò mí."